Sí Eyínfúnjowó, Lórí Iṣẹ́ Bàbá Abẹ́-Ọ̀dàn

Ilé-Ifẹ̀,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí mo gbálẹ̀ tán.

Eyínfúnjowó mi, ọkọ mi àtàtà,

Mi ò ní í béèrè àlàáfíà rẹ lọ títí. Lẹ́tà rẹ ti sọ fún wa pé ara rẹ le, pé ọkàn rẹ ni kò balẹ̀. Tèmi náà kò balẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé tí lẹ́tà náà ti dé ni mo ti ń jókòó tí mo tún ń dìde, bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Mo gbá ilé tán, mo tún gbá a. Bàbá rẹ wò mí títí, ó ní, "Ìyàwó, kí ló ń lé ọ kiri nínú ilé ara rẹ? Jókòó ná." Mo ní kò sí nǹkan kan. Nǹkan wà, ìwọ ni mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ, kí n mọ̀ bóyá ó yé mi. O ní ní ilé ìtẹ̀wé tí o ti rí iṣẹ́ ní Ìbàdàn, wọ́n ní kí o kọ èyí tó kàn nínú àwọn ìwé Bàbá Abẹ́-Ọ̀dàn, àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí o ti ń kà láti kékeré, ti Àjàní àti Àṣàkẹ́ àbúrò rẹ̀ àti Tanímọ̀la ajá wọn. O ní inú rẹ dùn, o ní kí wọ́n mú ọ lọ kí bàbá náà kí o kúnlẹ̀ fún un, ni àwọn akọ̀wé tó wà níbẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. Kò sí bàbá kankan. Kò sí i rí. Katikíìsì kan ló kọ àkọ́kọ́, tíṣà kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, akọ̀wé kóòtù kan gbà á lọ́wọ́ tíṣà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìtẹ̀wé ló ni orúkọ. Ẹni tí wọ́n bá fi sórí àga ni Bàbá Abẹ́-Ọ̀dàn títí yóò fi dìde níbẹ̀. Ó wá kàn ọ́. Ọ̀gá rẹ sì ti sọ òfin iṣẹ́ náà fún ọ: àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ sọnù, ajá gbọ́dọ̀ wá wọn rí, ìyàwó bàbá wọn gbọ́dọ̀ fìyà jẹ wọ́n, ojú gbọ́dọ̀ ti obìnrin náà ní ìparí. O ní wọ́n ń retí èsì rẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì dà bí ẹni pé o máa kọ̀, kí o kó ẹrù rẹ wá sílé, nítorí o kò lè ṣe làálàá kí orúkọ ẹni tí kò sí láyé máa gba ọpẹ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ gbọ́ èyí, ó fò sókè. Ó ní ọmọ òun kò ní í gbin iṣu kí ẹlòmíràn máa gún iyán jẹ. Ó ti bá awakọ̀ lọ́rì kòkó sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò wá kó ọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kánjú kọ èyí, kí ó lè tó ọ lọ́wọ́ kí òun tó dé. Kò mọ̀ pé ìwọ ni mò ń kọ ìwé sí. Ó rò pé iṣẹ́ ilé-ìwé àgbà ni mò ń ṣe, ó sì ń rọra kọjá lẹ́yìn mi kí ó má bàa dà mí láàmú.

Èkíní, ọ̀rọ̀ orúkọ.

O mọ̀ pé ọmọ amọ̀kòkò Ìpetumodù ni mí. Nínú agbo ilé wa, obìnrin tó ń mọ ìkòkò pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé ọjà, kò sí ẹni tí yóò béèrè ta ló mọ ọ́n. Ìkòkò Ìpetumodù ni, ó parí. Nígbà tí mo tó ọmọge, ìgbéraga wọ̀ mí. Mo fi igi ìgbálẹ̀ fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ ọrùn gbogbo èyí tí mo bá mọ, kí ayé lè mọ̀ pé èmi ni. Ìyá mi rí i. Ó kàn ń wò mí. Ọmọ mi, nígbà náà mi ò tíì mọ bí a ti ń ní sùúrù kí amọ̀ gbẹ dénú. Mo ń kánjú sun ún. Ọjà kejì, àwọn oníbàárà gbé àmù tó ń jò padà wá. Tẹ́lẹ̀, wọn kì í mọ ẹni tí wọn yóò dì mú. Agbo ilé ni yóò bẹ̀ wọ́n, tí yóò fún wọn ní òmíràn. Lọ́jọ́ náà, wọ́n yí àmù wò, wọ́n rí ìlà. "Onílà-mẹ́ta dà?" Bí mo ṣe di Onílà-mẹ́ta nìyẹn títí mo fi relé ọkọ. Àwọn ọmọdé á máa pè mí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà odò.

Ìyá mi wá sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó ní, "Orúkọ ilé ló ń bo ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lára. Ìwọ yọ ara rẹ síta kí ọwọ́ rẹ tó dá." Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, Eyínfúnjowó. Ìwọ náà, á ra ọ́ lọ́wọ́. Jẹ́ kí Bàbá Abẹ́-Ọ̀dàn gba èébú ìwé rẹ àkọ́kọ́ fún ọ. Ó ti dàgbà, ara rẹ̀ gbà á. Tó bá sì ṣe ti ìyìn ni, má bẹ̀rù. Ìyá mi lè di ojú, kí ó fi àtàńpàkò ra ẹnu ìkòkò, kí ó sọ obìnrin tó mọ ọ́n fún ọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò nílò ìlà mẹ́ta.

Mo ti rí i fúnra mi nínú àwọn ìwé yẹn. Mo gbé àpótí rẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ojú ara mi kà wọ́n nìyí. Láti bí ọdún méjì tí mo ti ń lọ sí ilé-ìwé àgbà, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n, nítorí mo rò pé mo ti mọ ohun tó wà nínú wọn. Ìwọ lo kà wọ́n sí mi létí.

Nísinsìnyí tí o ti wí pé àwọn tó kọ wọ́n pọ̀, mo rí ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ alájẹkì: kí àwọn ọmọ tó sọnù, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun, kódà àwọn olè inú ihò àpáta ń pín ọ̀ọ̀lẹ̀ kí wọ́n tó jíròrò. Ọ̀kan ń bẹ̀rù omi. Kò sí odò tí ó dé tí kò bá afárá níbẹ̀, ìbáà jẹ́ àárín igbó kìjikìji. Ọ̀kan fẹ́ràn pàṣán, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n pàdé rẹ̀. Tanímọ̀la ńkọ́? Akọ ajá ni nínú ìwé ìṣáájú, ó bímọ nínú ìwé tí wọ́n ti lọ sí ìlú olókè, ó sì tún padà di akọ kí wọ́n tó délé. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣé o rántí pé àwọn ọmọ ilé fi ọ̀rọ̀ yẹn jà nígbà tí o ń kà á fún wọn? Ìwọ lo là wọ́n. O ní ìyàwó Tanímọ̀la ló bímọ, ẹni tó kọ ìwé ló gbàgbé rẹ̀.

Mo dìde lọ wo ẹ̀wà lórí iná. Mo ti padà. Ẹ̀wà kò ní nǹkan kan tó fẹ́ fi mí ṣe, èmi ni mi ò lè jókòó.

Èkejì. Ọmọ bí ọdún mẹ́rin ni o nígbà tí mo wọ ilé yìí. Ìyá tó bí ọ ti lọ sinmi. Òfin ilé sì ni pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Mo wò ọ́, o rẹ́rìn-ín sí mi, ni mo bá sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Gbogbo ilé ń ṣọ́ mi. Ìyàwó tuntun, ọmọ aláìníyàá: o mọ ohun tí ayé ń retí. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n rí i pé mi ò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá bu oúnjẹ rẹ, mi ò ní í gba ẹ̀yìnkùlé. Ojúde ni màá gbé e gbà, kí wọ́n lè rí bí ẹran ṣe tóbi tó. Iwájú ilé ni mo ti ń wẹ̀ ọ́, tí ìwọ ń ké nítorí otútù. Ní ọjọ́ kan, ìyá bàbá rẹ pè mí wọlé. Ó ní, "Ìyàwó, ẹran tí ò ń gbé kiri yẹn, ọmọ ni o fẹ́ fi bọ́ àbí ojú wa?"

Ojú tì mí débi pé mo fi ẹnu gbálẹ̀. Láti ọjọ́ náà, inú yàrá ni a ti ń jẹun, èmi àtìwọ, kò sì sí ẹni tó rí i mọ́. Ibẹ̀ ni o ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń rò ó pé kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé ìwọ lo kọ ọ́, bi ara rẹ ní ohun tí ìyá àgbà bi mí. Ọmọ tó wà ní Iléṣà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tó ṣí ìwé náà, ebi ìtàn ló ń pa á.

Mi ò ka iye mọ́. Mo fẹ́ dé ibi tí mò ń lọ.

Bàbá rẹ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n o mọ̀ bí ó ti fẹ́ràn ìwé tó. Nígbà ogun àwọn òyìnbó, tí iyọ̀ wọ́n bí ojú, bí ó bá gbé kòkó lọ sí Ìbàdàn, yóò ra Bàbá Abẹ́-Ọ̀dàn kan bọ̀ fún ọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ìwọ á jókòó sórí àpótí kékeré, èmi á máa bó ẹ̀gúsí, ìwọ á máa kà. O ní kí n jẹ́ kí o kọ́ mi ní A, B, D. Mo kọ̀. Mo ní ojú mi ń dùn mí. Ojú mi kò dùn mí, ìtìjú ni, pé kí ọmọ tí mo ń wẹ̀ fún máa kọ́ mi. Ọdún mélòó ni mo fi sọnù síbẹ̀! Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Tí nǹkan bá rú ọ lójú níbi iṣẹ́ yẹn, béèrè, ìbáà jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kéré sí ọ.

Mo fẹ́ràn ìyàwó bàbá inú àwọn ìwé náà. Mi ò sọ fún ọ rí. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbóná, kì í sì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orí ẹja kì í yẹ̀ kúrò nínú àwo Àṣàkẹ́. Tí àwọn ọmọ bá sọnù, á gbé àtùpà, á dúró létí igbó, á máa ké orúkọ wọn títí ohùn rẹ̀ á fi há. Mo máa ń rò ó lọ́kàn pé, àṣé irú mi wà níbì kan tí wọ́n fi kọ ìwé. Ṣé o rántí ọjọ́ tí òjò ká yín mọ́ odò, tí mo gbé àtùpà wá, tí mò ń pariwo orúkọ tí mo sọ ọ́ kiri? Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Kì bá má ṣe ti obìnrin yẹn, bóyá ǹ bá jókòó sílé kí n máa bínú pé ẹ pẹ́.

Nígbà tí mo ka òfin tí ọ̀gá rẹ sọ, mo rò pé tuntun ni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ka ìwé náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò rí orí ẹja. Ohun tí mo rí ni pé obìnrin náà jẹ ẹja tán, ó da egungun rẹ̀ sínú àwo ọmọ. Mo fi ìka tọ ìlà náà padà, mo rò pé kíkà mi ni kò dára. Mo ṣí òmíràn. Òun gan-an ló rán wọn sínú igbó. Mo ṣí òmíràn. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àtùpà kankan kò sí níbẹ̀. Nínú gbogbo wọn, wọ́n fi okùn sí i lọ́rùn ní ìparí, wọ́n lé e kúrò nílùú, àwọn ọmọdé ń hó lé e lórí. Bí àwọn tí ń jẹ́ Bàbá Abẹ́-Ọ̀dàn ti pọ̀ tó, tí wọn kò lè fẹnu kò lórí akọ àti abo ajá, wọ́n fẹnu kò lórí èyí.

Mo di ìwé mẹ́ta sínú gèlè, mo gbé e lọ bá tíṣà wa nílé-ìwé àgbà lánàá. Mo ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí fún mi."

Ó kà á. Bákan náà ni.

Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ rí i pé kíkà yín dáa? Kí ló dé tí ẹ ń sunkún?"

Mo ní eruku ló kó sí mi lójú.

Eyínfúnjowó, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Ojú rẹ wà lórí ìwé, ẹnu rẹ ń sọ nǹkan mìíràn, o kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo bí o ti ń ṣí ewé, gbogbo bí o ti ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀. Èmi jókòó síwájú rẹ bí ọ̀dẹ̀, mò ń kí Bàbá Abẹ́-Ọ̀dàn pé ó káre. Ìwọ ni. Àwọn tó rẹ́rìn-ín rẹ ní Ìbàdàn kò mọ̀ pé o ti wà lórí àga yẹn láti kékeré.

Ohun tó ń lé mi kiri nìyí: kí ni o rí lójú mi tí o fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé ò ń bẹ̀rù pé tí mo bá gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀, màá fi ìbínú rẹ̀ nà ọ́? Àbí o kò fẹ́ kí ó dùn mí? Àbí ńṣe ni ò ń kọ́ mi bí mo ṣe yẹ kí n máa ṣe? Mo ti ro gbogbo ọjọ́ ayé wa. Mo rántí ìgbà tí mo gbá ọ létí nítorí àmù tó fọ́. Mo rántí ọjọ́ tí mo bá ìyá àgbà jà, tí mi ò bá ẹnikẹ́ni nínú ilé sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ìwọ náà sì wà nínú ẹnikẹ́ni yẹn. Ọlọ́run kò fún mi ní ti inú ara mi. Ìwọ nìkan ni mo fi mọ bí ìyá ṣe ń rí. Tí ó bá jẹ́ ẹ̀rù mi ló bà ọ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn, mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú.

Mo sì rò pé o kò sọ òótọ́ tán nínú lẹ́tà rẹ. Ìwọ kọ́ ni ẹni tí ń du ọpẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Tí o bá fọ abọ́ gbogbo ilé, ó di ọ̀sán kí a tó mọ ẹni tó fọ̀ ọ́. Orúkọ kọ́ ló ń lé ọ kúrò níbẹ̀. Ìyàwó bàbá ni ọwọ́ rẹ kọ̀ láti kọ. Tí mo bá ṣì í sọ, dárí jì mí.

Àmọ́ tí mo bá sọ ọ́ bó ti rí, gbọ́: má sá. Tí o bá dìde lórí àga náà, wọ́n á fi ẹlòmíràn jókòó, yóò sì kọ ọ́ bí wọ́n ti ń kọ ọ́ bọ̀. Ọmọ aláìníyàá kan á tún jókòó síwájú obìnrin kan tí kò mọ̀wé, ó lè má ní orí pípé bíi tìrẹ, kí ó kà á bó ṣe wà. Kọ ọ́ bí o ṣe kà á fún mi. Fi ọ̀wọ̀ bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀, má bá a jiyàn, sọ pé kí ó kọ́kọ́ ka tìrẹ tán. Tí ó bá kà á, tí ó ní òun kò fẹ́, nígbà náà máa bọ̀ nílé. Èmi fúnra mi ni yóò wá gba ẹrù rẹ ní gárééjì, ẹnikẹ́ni kò sì ní í fi ọ́ ṣẹ̀sín lójú mi. Ṣùgbọ́n má sọ obìnrin náà di áńgẹ́lì o. Jẹ́ kí ó máa gbóná. Jẹ́ kí ó gbá ọmọ létí nítorí àmù, kí ó má sì lè sùn.

Ní ti bàbá rẹ, fi í sílẹ̀ fún mi. Mo ka lẹ́tà rẹ fún un bó ṣe wà. Ká ní mo gbọ́n bíi tìrẹ ni, ǹ bá ti fo ibi tí o ti ní ò ń bọ̀. Lálẹ́ òní, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ka Tanímọ̀la fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. O mọ̀ ọ́n, kò lè gbọ́ ìtàn dé ìdajì kí ó sì jáde nílé. Lọ́rì kòkó á lọ, á fi í sílẹ̀.

Ọlọ́run yóò fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀ ju èmi lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní í jò. O ò ní í rìn ní ọjọ́ tí ọ̀nà bá ń bínú. Jẹun dáadáa, Ìbàdàn kì í bọ́ni.

Ohun kan ló kù. Ìbéèrè tí mo bi ọ́ lókè yìí, ẹ̀rù ni àbí ìfẹ́, má dá mi lóhùn nínú lẹ́tà. Tí o bá kọ ọ́ pé ìfẹ́ ni, màá rò pé ò ń dáàbò bò mí ni, bí o ti ṣe nígbà náà, ọkàn mi kò sì ní í balẹ̀. Kọ ìwé náà. Kọ obìnrin yẹn bí o ti mọ̀ ọ́n, kí o má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, fi ọ̀kan ránṣẹ́. Màá jókòó sórí àpótí, màá kà á fúnra mi, bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an.

Èmi ni,
Ìyá rẹ ní Ifẹ̀.